Ṣé Ohùn La Rà Ni, àbí Orúkọ?

Ní ọdún 2008, nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń lọ sí Ìdíje Òlíńpíìkì ní Beijing, LeBron James há ẹ̀bùn fún àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ikọ̀ náà. Hẹ́dífóònù kan náà ni gbogbo wọn gbà: ó tóbi, ó ń dán, lẹ́tà "b" kan sì wà lára rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ etí méjèèjì. Wọ́n gbé e kọ́rùn bí ẹni gbé iyùn kọ́rùn, àwọn oníròyìn sì ń yà wọ́n ní fọ́tò bí wọ́n ṣe ń kọjá. Fọ́tò kì í dún. Ẹni tó ń wò ó kò lè mọ̀ bóyá orin tó ń jáde nínú nǹkan náà dùn tàbí kò dùn. Ọrùn tó wà nìkan ló lè rí, ìyẹn sì ti tó fún ẹni tó ń tà á.

Beats by Dr. Dre ni orúkọ hẹ́dífóònù náà. Láti ìgbà yẹn wá, ó ti di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń dárúkọ bí wọ́n ṣe ń dárúkọ bàtà àti aago. Òbí tó ní ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì tàbí yunifásítì, ì báà jẹ́ ní Èkó, ní Kano, ní Enugu tàbí ní Jos, á ti gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ yìí rí: "Mọ́mì, ẹ dákun, kì í ṣe irú èyí tẹ́ ẹ rà lẹ́ẹ̀kan o. Èyí tó ní b yẹn ni." Ìyá á wo bàbá, bàbá á wo òrùlé, ẹnì kan á wá béèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Iye yẹn gan-an ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹbí jókòó lé lórí. Nígbà tí àkọ́kọ́ nínú wọn, Beats Studio, jáde ní 2008, nǹkan bí $349 ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà. Nǹkan bí ₦118 ni dọ́là kan ní Nàìjíríà fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún náà, nítorí náà bíi ₦41,000 ni owó rẹ̀ nígbà yẹn. Ní oṣù Keje ọdún 2023, Beats Studio Pro jáde, iye tí wọ́n sì fi lé e kò kúrò lójú kan: $349.99. Ẹni tó ń fi dọ́là ná owó kò rí àfikún kankan. Àmọ́ tí a bá ṣírò dọ́là kan sí ₦1,500, ó ti lé ní ₦520,000, ká má tíì ka owó ọkọ̀, owó ẹnubodè àti èrè ẹni tó kó o wọlé. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yìí á fi oṣù méje ó lé ṣiṣẹ́ láìjẹun, láìwọ ọkọ̀, láìsan owó ilé, kó tó lè ra ẹyọ kan.

Kí wá ni owó náà ń rà?

Bàtà ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ tà

Dr. Dre, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Andre Young, ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú orin rap tipẹ́tipẹ́ kó tó di oníhẹ́dífóònù. Òun ló fa Eminem àti 50 Cent jáde fún aráyé. Jimmy Iovine ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ orin Interscope sílẹ̀. Bí àwọn méjèèjì ṣe máa ń sọ ìtàn náà, wọ́n ti ń rọ Dre pé kó fi orúkọ rẹ̀ ta bàtà. Iovine ló ní kó fi bàtà sílẹ̀, pé ohun tó ń gbé ohùn jáde ló yẹ ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ mọ ohùn. Lọ́dún 2006, wọ́n dá Beats Electronics sílẹ̀.

Ẹ kíyè sí bí nǹkan ṣe tò tẹ̀ léra. Orúkọ ti wà nílẹ̀ kí ọjà tó wà. Wọ́n kàn ń wá ohun tí wọ́n máa kọ orúkọ náà sí lára ni. Èyí kò sọ pé ọjà náà burú; ó kàn sọ ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Wọn kò ní fáktírì tiwọn. Monster, ilé iṣẹ́ kan ní California tó ti ń ta wáyà ẹ̀rọ orin fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló bá wọn ṣe ẹ̀rọ inú rẹ̀, tó sì ń pín in fún àwọn ilé ìtajà. Robert Brunner, tó ti fìgbà kan jẹ́ olórí àwọn tó ń ya bí ẹ̀rọ Apple ṣe máa rí, ni òun àti ilé iṣẹ́ rẹ̀, Ammunition, ya bí ti Beats náà ṣe rí. Iṣẹ́ tó kù ni èyí tí Dre àti Iovine nìkan lè ṣe: wọ́n gbé e sí etí àwọn olórin nínú fídíò, wọ́n gbé e sí ọrùn àwọn eléré ìdárayá, wọ́n sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní orúkọ Lady Gaga, Diddy àti Justin Bieber. Kó tó dìgbà yẹn, hẹ́dífóònù gidi jẹ́ nǹkan dúdú kan tí àwọn oníṣẹ́ rédíò àti sítúdíò ń gbé sórí, tí kò sí ọ̀dọ́ tó máa mọ̀ọ́mọ̀ gbé e rìn lójú títì. Beats ló sọ ọ́ di aṣọ. Ní ọdún díẹ̀ sígbà náà, ó lé ní ìdajì owó tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ná sórí hẹ́dífóònù tó ju $100 lọ tó ń wọ àpò ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí.

Ó ṣiṣẹ́ débi pé àwọn tó ni pápá bẹ̀rẹ̀ sí lé e. Ní Òlíńpíìkì London ọdún 2012, Beats kì í ṣe onígbọ̀wọ́, síbẹ̀ ó fi hẹ́dífóònù ránṣẹ́ sí àwọn eléré, títí kan èyí tí wọ́n ya àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí lára fún àwọn ọmọ ilẹ̀ náà. Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2014 ní Brazil, FIFA ní káwọn agbábọ́ọ̀lù má gbé e wọ pápá ìṣeré, torí Sony ni onígbọ̀wọ́ wọn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, àjọ NFL bu owó ìtanràn $10,000 lé Colin Kaepernick nítorí pé ó gbé Beats aláwọ̀ pìǹkì kọ́rùn níwájú àwọn oníròyìn, nígbà tó jẹ́ pé Bose ló san owó fún àjọ náà. Owó tó tó ra hẹ́dífóònù tó lé ní ogún ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkùnrin kan torí ohun tó gbé kọ́rùn. Bí ẹnì kan bá tiẹ̀ fẹ́ sanwó fún irú ìpolówó bẹ́ẹ̀, kò ní rí i rà.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014, Apple ra Beats ní $3 bílíọ̀nù. Monster tó ṣe ẹ̀rọ inú àwọn àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Àdéhùn tiwọn ti parí ní 2012, orúkọ àti àwòrán sì bá Beats lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èwo ló wọ́n jù láàárín ẹ̀rọ inú àti orúkọ ara, ìtàn yìí ti dá a lóhùn díẹ̀.

Ohun tí etí gbọ́

Nínú hẹ́dífóònù, ti olówó ńlá àti ti olówó kékeré, iṣẹ́ kan náà ló ń lọ. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì wà, wáyà tí wọ́n ká sì wà. Iná tó ń bọ̀ láti inú fóònù á mú wáyà náà gbọ̀n, awọ á gbọ̀n tẹ̀ lé e, afẹ́fẹ́ á gbọ̀n, etí á sì gbọ́. Bí wọ́n ṣe ta awọ náà àti bí wọ́n ṣe kọ́ ilé tó yí i ká ló ń pinnu ohùn, gẹ́gẹ́ bí igi àti awọ ṣe ń pinnu ohùn dùndún. Kì í ṣe àdììtú. Láti nǹkan bí ọdún 1910 ni Nathaniel Baldwin ti ń ṣe hẹ́dífóònù ní Utah fún àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ní 1958 sì ni John Koss gbé èyí tí a fi ń gbọ́ orin stẹ́rìò jáde ní Milwaukee. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti mọ iṣẹ́ náà.

Ẹ̀sùn tí àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ orin ń fi kan àwọn Beats àkọ́kọ́ ni pé báàsì rẹ̀ pọ̀ jù. Ìlù ìsàlẹ̀ ló gba iwájú. Nínú orin hip-hop, ìyẹn lè dùn gan-an, torí orí ìlù ni orin náà dúró sí. Àmọ́ tí èèyàn bá gbé jùjú King Sunny Adé sí i, níbi tí gìtá mẹ́ta mẹ́rin ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ìlù ńlá lè bo ọ̀rọ̀ wọn mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń pariwo ní ìpàdé ẹbí ṣe ń bo ohùn àgbà. Beats Studio àkọ́kọ́ tún ní àṣà kan: bátìrì AAA méjì ló ń gbé e ṣiṣẹ́. Bí bátìrì bá kú, orin kú, ì báà jẹ́ pé wáyà wà lára fóònù. Ẹni tó san $349, tó wá ń wá bátìrì tọ́ọ̀ṣì kiri kó tó lè gbọ́ orin, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ń bẹ níbẹ̀.

Ní ọdún 2015, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Bolt ní Amẹ́ríkà tú Beats kan palẹ̀. Ó ṣírò èlò inú rẹ̀, ó ní kò tó $20. Ó tún rí àwọn irin kéékèèké tó jẹ́ pé, lójú tirẹ̀, iṣẹ́ pàtàkì wọn ni kí nǹkan náà lè wúwo lọ́wọ́, kí ẹni tó gbé e lè rò pé nǹkan gidi lòun gbé. Ìròyìn náà tàn káyé, àwọn èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá rí i pé ayédèrú ni èyí tí wọ́n tú. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rọ, tó tú u títí dé egungun, kò mọ̀ pé kì í ṣe ojúlówó. Ọ̀rọ̀ yìí á padà wúlò tí a bá dé Ikeja.

Ká má sì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ: iye èlò inú ọjà kọ́ ni iye ọjà. Ẹni tó ra búrẹ́dì kò san owó ìyẹ̀fun nìkan. Owó ẹni tó yà á wà níbẹ̀, ti ẹni tó tò ó, ti ọkọ̀, ti ilé ìtajà, àti ti ẹni tó máa gbà á padà bó bá bàjẹ́. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì fún ẹbí ni pé, bí owó bá ṣe ń ga sí i, ṣé ohùn náà ń dára sí i?

Jeroen Breebaart gbìyànjú láti dá ìbéèrè yìí lóhùn. Ìwádìí rẹ̀ tó jáde ní 2017 nínú ìwé àwọn onímọ̀ ìró ohùn ní Amẹ́ríkà wo 283 hẹ́dífóònù, láti orí èyí tó dínwó gan-an dé orí èyí tó gbówó lórí. Wọ́n wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbé ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ jáde, wọ́n sì fi wé iye tí wọ́n ń tà á. Wọn kò rí ìbátan kankan láàárín bó ṣe ń gbé ohùn wọ̀nyí jáde àti iye rẹ̀. Owó ńlá kò mú un dára, owó kékeré kò mú un burú. Ẹni tó bá gbọ́ èyí kó má sáré jù: ìwọ̀n yẹn kò sọ bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó já, kò sì sọ bó ṣe rọ̀ tó lórí. Ohùn nìkan ló sọ, ohùn sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òun ń rà.

Sean Olive àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harman gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n kó àwọn èèyàn jọ, wọ́n jẹ́ kí wọ́n gbọ́ orin nínú onírúurú hẹ́dífóònù láìjẹ́ kí wọ́n rí wọn, kí ojú má bàa bá etí dá sí i. Ohun tí wọ́n rí ni pé ohùn tó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò bo ìyókù, ni èyí tó pọ̀ jù lára àwọn tó gbọ́ ọ fẹ́ràn, iye owó kò sì lè sọ tẹ́lẹ̀ èyí tí wọ́n máa mú. Harman ló ni JBL, òun náà ń ta hẹ́dífóònù, nítorí náà kì í ṣe aláìmọwọ́mẹsẹ̀ nínú ọjà. Síbẹ̀, ọ̀nà tó gbà dán an wò rọrùn débi pé ẹnikẹ́ni lè ṣe irú rẹ̀ nílé, a ó sì padà síbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ àpẹẹrẹ tó ṣeé dì mú, kó wo ilé rédíò àti sítúdíò. Sony MDR-7506 ti wà láti ọdún 1991, kò yí padà púpọ̀, nǹkan bí $100 ni wọ́n sì ń tà á. Àwọn tó ń fi ohùn jẹun ló ń lò ó. Koss Porta Pro jáde ní 1984, ó ṣì ń tà, kò tó $50. Irin fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ àti fóòmù ni, ó dà bí nǹkan tí wọ́n fi ìyókù nǹkan mìíràn ṣe, àmọ́ àwọn tó gbọ́ ọ kò yé yìn ín.

Ẹwà náà ní iye tirẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó bá wu ni níí pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Kò sí òfin tó ní kí èèyàn má ra ohun tó rẹwà. Ẹni tó ra léèsì olówó iyebíye fún òde ìgbéyàwó kò sọ pé ó ń mú òun móoru ju àǹkárá lọ. Ọ̀dọ́ tó gbé Beats kọ́rùn lọ sí kíláàsì ń sọ nǹkan fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ọ. Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá, òótọ́ ni, àmọ́ ọmọ ọdún 16 tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ kò rí ìtùnú nínú òwe. Òbí tó mọ èyí tó sì rà á, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é ní òmùgọ̀. Kó ṣáà mọ̀ pé ohun tóun rà nìyẹn.

Ó tún yẹ ká sọ pé Beats òní kì í ṣe ti 2008. Lẹ́yìn tí Apple rà á, Solo3 tó jáde ní 2016 lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí 40 lórí ṣáàjì kan. Níbi tí iná ti lè lọ láti àárọ̀ dé ọ̀la, wákàtí 40 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Studio Pro ní ẹ̀rọ tó ń pa ariwo ìta, bátìrì rẹ̀ sì ń gba ṣáàjì láti ara wáyà USB-C. Àwọn tó ń yẹ ẹ̀rọ wò gbà pé báàsì tó ń bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀ ti rọlẹ̀ gan-an. Ọjà gidi ni. Ohun tó ṣòro ni láti sọ pé ó fi ohun kan ju ti Sony tàbí ti Bose tí wọ́n jọ wà ní ìpele owó kan náà, àfi lẹ́tà pupa yẹn.

Orúkọ nìkan kò sì tó. 50 Cent dá SMS Audio tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2011, Ludacris fi orúkọ rẹ̀ sí Soul. Gbajúmọ̀ làwọn náà, àmọ́ kò sí èyí tó dé ibi tí Beats dé. Ó dà bíi pé ẹni tó kọ́kọ́ dé ló gba àga.

Èyí tó wà ní Ikeja

Gbogbo ohun tí a ti ń sọ yìí, orí ojúlówó ló wà. Fún ọ̀pọ̀ ẹbí ní Nàìjíríà, ibẹ̀ kọ́ ni ewu wà. Ẹni tó bá rìn gba Computer Village ní Ikeja kọjá, tàbí Alaba ní Ojo, tàbí Farm Centre ní Kano, á rí lẹ́tà "b" lórí tábìlì, lórí kẹ̀kẹ́ ọmọlanke, lọ́wọ́ ọmọ tó ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀. Páálí rẹ̀ ń dán. Ìwé inú rẹ̀ pé. Lẹ́tà náà pupa bó ṣe yẹ kó pupa. Bí ẹni tó ń tà á bá ní Studio Pro tuntun ni, tó sì ní kí oníbàárà mú ₦25,000 wá, ìṣírò tó wà lókè yẹn ti dá a lóhùn: kò sí ọ̀nà tí ohun tó lé ní ₦520,000 níbi tó ti wá fi lè di ₦25,000 nígbà tó bá kọjá òkun.

Èyí tó léwu jù ni èyí tí wọ́n dá ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún náírà lé, torí iye yẹn jọ òótọ́. Ìyá ti fi àjọ kún un, bàbá ti yá díẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ohun tó wà nínú páálí kò yàtọ̀ sí ti ₦25,000. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ rántí ẹni tó tú u palẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nọ́ḿbà tó wà lára rẹ̀ ṣeé fi wádìí lórí ìkànnì Apple, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn ayédèrú kan máa ń da nọ́ḿbà ojúlówó kọ. Ohun tó dáàbò bo oníbàárà jù ni ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀: ṣọ́ọ̀bù tó ní àdírẹ́sì, tó kọ orúkọ ọjà náà sórí rìsíìtì, tó gbà pé ẹ lè dá a padà. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń mójú tó, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ lórí ọjà tó lábùkù. Àmọ́ ta ni ẹ máa mú lọ síbẹ̀ bó bá jẹ́ pé láti ojú fèrèsé danfo lẹ ti rà á?

Ibí yìí ni ọjà olówó tó mọ níwọ̀n, èyí tí kò sí orúkọ gbajúmọ̀ lára rẹ̀, ti ń borí. Kò sí ẹni tó ń fi bẹ́ẹ̀ ṣe ayédèrú ohun tí kò sí ẹni tó ń du láti fi hàn. Ẹni tó ra hẹ́dífóònù onírẹ̀lẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù gidi lè má rí ojú tó ń wò ó, àmọ́ ohun tó sanwó fún ló gbé lọ ilé.

Etí kò ní ẹ̀yà mìíràn

Ohun kan wà tí ìpolówó kì í sábà sọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lé ní bílíọ̀nù kan ọ̀dọ́ láàárín ọdún 12 sí 35 tí etí wọn wà nínú ewu nítorí bí wọ́n ṣe ń gbọ́ orin. Ìwọ̀n tí àjọ náà fọwọ́ sí fún àgbàlagbà ni dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Fún ọmọdé, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 75. Bí ohùn bá ṣe ń lọ sókè, wákàtí náà ń dín kù kíákíá. Tó bá dé 90, wákàtí mẹ́rin péré ló kù fún gbogbo ọ̀sẹ̀. Ohun tó bá bàjẹ́ nínú etí lọ́nà yìí kì í padà sípò, kò sì sí ọjà tí wọ́n ti ń ta pààtì rẹ̀.

Nàìjíríà ní wàhálà tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé, kọ̀ńdọ́ ń pariwo nínú ọkọ̀, ilé ìjọsìn méjì dojú kọ ara wọn ní àdúgbò. Ọmọ tó fi íápíìsì tí kò bo etí sí etí á máa gbé ohùn sókè títí táá fi borí jẹnẹrétọ̀. Ohun tó ń pa ariwo ìta, tàbí fóòmù tó bo etí dáadáa, ń jẹ́ kí èèyàn lè gbọ́ orin ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́. Bí ẹbí bá fẹ́ fi owó kún owó, orí èyí ni kí wọ́n fi kún un, kì í ṣe orí àwọ̀ tàbí orúkọ. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, ẹ wá irú èyí tí wọ́n ti fi òdiwọ̀n sí, tí kì í jẹ́ kí ohùn kọjá ibì kan.

Nígbà tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé orin tí ẹ mọ̀ dáadáa dání, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń tà á yàn. Orin tí wọ́n fi ń ta hẹ́dífóònù máa ń jẹ́ èyí tí ìlù rẹ̀ ń mi àyà. Ẹ gbọ́ ohùn èèyàn nínú rẹ̀: ṣé ó jọ ohùn èèyàn, àbí ó dà bí ẹni tó wà nínú àmù? Ẹ gbé e sórí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, kẹ́ ẹ má kọbi ara sí ojú tí wọ́n á fi máa wò yín, torí èyí tó bá ń fún orí lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọjọ́ kẹta ló máa wọ àpótí. Ẹ wò ó bóyá fóòmù etí rẹ̀ ṣeé yọ kí a sì fi òmíràn sí i. Ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bó, pàápàá nínú ooru tiwa yìí, ọ̀pọ̀ hẹ́dífóònù tí ohùn rẹ̀ ṣì dára ni wọ́n sì ti jù nù torí fóòmù tó bó. Bí ó bá ní ihò wáyà, ó dára ju èyí tí kò ní lọ, torí pé lọ́jọ́ tí bátìrì bá kú láìsí iná, wáyà lè ṣì gbà yín.

Ìdánwò Sean Olive wá kù. Ẹ lè ṣe é nílé láìná kọ́bọ̀. Ẹ yá hẹ́dífóònù olórúkọ náà lọ́wọ́ ẹni tó ní in, ẹ gbé èyí tí owó yín ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi gèlè di ọmọ náà lójú. Orin kan náà ni kó gbọ́ nínú méjèèjì, kí ohùn wọn sì dọ́gba, torí etí máa ń rò pé èyí tó pariwo jù ló dùn jù. Kí ẹlòmíì máa gbé e sí i létí, kó má fọwọ́ kàn án. Ẹ máa pààrọ̀ wọn láìtẹ̀ lé ètò kankan, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, kí àbúrò rẹ̀ máa kọ ìdáhùn sílẹ̀. Bó bá ń mú olówó ńlá ní gbogbo ìgbà, ó gbọ́ nǹkan kan, ó sì yẹ kí ẹ fetí sí i. Bó bá ń mú olówó kékeré, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Àmọ́ bó bá tú gèlè lójú, tó wo ìwé ìdáhùn, tó rẹ́rìn-ín, tó ní èyí tó ní "b" yẹn náà lòun ṣì fẹ́, kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti sọ ohun tó fẹ́ rà. Ó ku kí gbogbo ilé jókòó lórí ẹni tó máa san owó tó lé.